Ẹ Gbọ́ Ariwo Jẹnẹrétọ̀, Ẹ Ò Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ìyá

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń dùn mí láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, n kò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n sọ. Àrùn kan ti wọ etí àwa ènìyàn ìsinsìnyí. Kì í ṣe àrùn adití, nítorí adití kò gbọ́ nǹkan kan rárá. Ẹni tí àrùn yìí ń ṣe máa ń gbọ́ ohun gbogbo àfi ọ̀rọ̀. Á gbọ́ àkùkọ tó kọ lẹ́yìn ilé, á gbọ́ ìlẹ̀kùn tó dún, á gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ni ìyá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ láàárín gbogbo ariwo wọ̀nyẹn wí, yóò máa wò yín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ ni àwọn ètò orí fóònù tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní pọ́díkáàsì. Fún àwọn àgbà tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, ètò bíi ti rédíò ni, ṣùgbọ́n kò ní àkókò tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró dè. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ á ṣí i lórí fóònù rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Akọ̀ròyìn òyìnbó kan, Ben Hammersley, ló kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejì ọdún 2004. Orúkọ ló jẹ́ tuntun, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ní Èkó àti Ìbàdàn ti gbọ́ Rediffusion, àpótí inú pálọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ tí kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn, tí wọ́n fi pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún yóò rántí bí a ṣe ń fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ẹni wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Sáúdì: ìyá á sọ̀rọ̀, bàbá á ṣàdúà, àwọn ọmọ á máa kígbe lẹ́yìn, ewúrẹ́ náà á dá sí i. N kò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá kásẹ́ẹ̀tì padà pé ewúrẹ́ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ewúrẹ́ yẹn gan-an ló ń pa àwọn mìíràn lẹ́kún.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa. Àwọn ọmọ ìyá kan, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí èyí obìnrin ti jókòó níwájú mi rí ní ilé-kéwú, mú ìyá àgbà wọn àti ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin jókòó, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé. Ìyá àgbà sọ bí bàbá òun ṣe fi àwọn ọkùnrin sí ilé-ìwé tí kò sì fi òun sí i. Ó sọ bí bàbá náà ṣe pẹ́ kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ilé-ìwé tó wà nítòsí, ti àwọn míṣọ́nnárì ni, ẹ̀rù sì ń bà á pé Yūsúfù á lọ láàárọ̀, Jósẹ́fù ni yóò padà wálé nírọ̀lẹ́. Ó sọ bí òun ṣe ń gbé ẹ̀kọ tútù kiri, tí òun á dúró lábẹ́ fèrèsé ilé-ìwé náà máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ọmọ kẹrin ló tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni, ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn já lu ọ̀rọ̀ náà: ó ní kì í ṣe ẹ̀bi bàbá, owó ni kò sí. Ìyá ní owó tí kò sí fún òun wà fún àwọn ọkùnrin. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn! Ọmọbìnrin yìí wá béèrè pé, “Ìyá, ṣé ẹ̀ ń bínú sí bàbá yín ni?” Ìyá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni jẹnẹrétọ̀ ti hàn jù lọ. Nígbà tó yá, ó ní, “Mo ti dárí jì í. Àmọ́ mi ò tíì gbàgbé.”

Èsì wo ló tẹ̀yìn rẹ̀ jáde? Ẹnì kan ní ariwo ti pọ̀ jù. Òmíràn ní kí wọ́n lọ ra makirofóònù gidi kí wọ́n tó máa yọ gbogbo ayé lẹ́nu. Òmíràn tún ní kí wọ́n kọ́ àwọn ìyá náà láti dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ tán kí èkejì tó sọ tirẹ̀. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀mọ̀wé ní òun pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Nínú gbogbo èsì tí wọ́n kà fún mi, ọ̀kan ṣoṣo ló mẹ́nu ba ohun tí ìyá sọ. Ojú ti àwọn ọmọ náà, wọ́n sì yọ ètò náà kúrò níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ ọ.

Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé la ń wí o. Ẹ̀yin tí ẹ fèsì wọ̀nyẹn, ìgbà wo ni ẹ rò pé yóò tún un sọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa etí, nítorí etí ni iṣẹ́ mi. Ní ilé-kéwú, ọgbọ̀n ọmọ ló ń ka wàláà lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú níbi tó dé, kálukú pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Àlejò tó bá wọlé á di etí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan ní ẹ̀yìn pátápátá bá fi fátíà sí ibi tí kẹ́síràà wà, àfáà á na ọwọ́ sí i. Kì í ṣe idán. Etí tó bá mọ ohun tó ń wá ni. Ọlọ́hun fún wa ní etí méjì, ó sì fi làákàyè sáàárín wọn láti máa ṣa ohùn kan nínú ọ̀pọ̀. Ẹ̀rọ kò ní irú làákàyè yẹn. Makirofóònù tó wà lára fóònù á kó gbogbo ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pọ̀, á dà wọ́n sínú abọ́ kan náà. Ìdí nìyí tí ariwo tí ẹ kò kà sí nígbà tí ẹ jókòó ti ìyá nínú pálọ̀ ṣe máa ń ga nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ lórí fóònù. Nítorí náà, mo gbà pé ariwo wà nínú ètò yẹn. Ohun tí n kò gbà ni pé ariwo ni ètò náà.

Ohun tó burú jù ni pé kì í ṣe etí nìkan ni ohùn tí kò já gaara ń dà láàmú. Ó ń yí ìdájọ́ ènìyàn padà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ní ọdún 2018, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Eryn Newman ti Australian National University àti Norbert Schwarz ti University of Southern California, gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àwọn kan láti ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn kan láti orí rédíò. Wọ́n fún àwọn olùgbọ́ kan ní èyí tí ohùn rẹ̀ já gaara, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ kan náà láti ẹnu ẹni kan náà, àmọ́ wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ba ohùn rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó gbọ́ èyí tó bàjẹ́ ní iṣẹ́ onímọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dára. Wọ́n tilẹ̀ ka onímọ̀ náà fúnra rẹ̀ sí ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ ò rí i? Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu kan náà, wáyà nìkan ló yàtọ̀!

Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀mọ̀wé tó ní oyè lórí, kí ni yóò ṣe ìyá ẹlẹ́kọ? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá lówó láti gba situdíò, tí iná kì í kú lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó sì lè fi fóòmù bo ògiri, òun ni yóò máa jẹ́ ọlọ́gbọ́n láwùjọ wa. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní òrùlé páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lọ ata, òmùgọ̀ ni, kó tiẹ̀ gbọ́n bí Lùkùmáànù. Irú òṣùwọ̀n wo nìyẹn? Àwọn onímọ̀ hàdíìsì tí à ń tọ̀ lẹ́yìn, bí wọ́n bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, wọ́n á wádìí bóyá olóòótọ́ ni àti bóyá ó ní ìrántí tó péye. N kò kà á níbì kankan pé wọ́n kọ ẹnì kan sílẹ̀ nítorí pé ohùn rẹ̀ há.

Mo tún fura sí nǹkan mìíràn. Bí àwọn ènìyàn bá ní “ohùn ò dáa”, kì í ṣe ohùn ni wọ́n ń wí ní gbogbo ìgbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, ètò rédíò kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní This American Life, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ bíi pọ́díkáàsì, tú irú lẹ́tà tí wọ́n ń gbà síta. Àwọn olùgbọ́ ń kọ̀wé lemọ́lemọ́ pé ohùn àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ròyìn níbẹ̀ ń ha, pé àwọn kò lè fara dà á. Ira Glass tó jẹ́ olóòtú ètò náà ṣàlàyé pé ohùn tòun náà ń ha bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọ̀wé fi òun sùn. Ọkùnrin ni òun, àgbà sì ni. Ẹ̀gàn tí wọ́n ní fún ọ̀dọ́mọbìnrin ni wọ́n gbé agbádá ohùn wọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní ohùn kò dáa nígbà tí ìyá náà ń sọ Yorùbá Ìjẹ̀ṣà, mo sì ti gbọ́ ọ nígbà tí eyín bàbá kò pé mọ́. Bí ẹni kan náà bá wọ ètò òyìnbó tó kún fún ariwo ọkọ̀ lójú títì New York, á ní ó dùn, á ní bí ayé ṣe rí gan-an nìyẹn. Ariwo New York ni ayé, ariwo Ọjà-Ọba wá di àbùkù!

Àwọn kan á ní, “Àfáà, àwọn òyìnbó ló kọ́ wa pé kí á lọ síbi tó dákẹ́.” Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á wo àwọn òyìnbó náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Isay bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tó pè ní StoryCorps. Ó kọ́ yàrá kékeré kan tí ariwo kò lè wọ̀ sínú ibùdókọ̀ rélùwéè ńlá Grand Central ní New York. Ènìyàn méjì tó mọ ara wọn, bàbá àti ọmọ, tàbí ìyá àti ọmọ-ọmọ, á wọlé, wọ́n á bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n á sì gba ohùn náà sílẹ̀. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ á lọ sí Library of Congress, ilé-ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ńlá ni, yàrá náà sì dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ní ọdún 2015, àwọn kan náà gbé áàpù jáde kí ẹnikẹ́ni lè fi fóònù rẹ̀ gba ohùn ẹbí rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, wọ́n ṣe èyí tí àwọn tó jìnnà síra á fi máa bára wọn sọ̀rọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà àti fóònù, pẹ̀lú gbogbo ìdádúró àti ìjákulẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ni yàrá tó dákẹ́ kò sọ pé kí ìyá àgbà dúró de yàrá tó dákẹ́. Àwa tí a kò ní yàrá kankan là ń sọ ọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ohùn tí kò mọ́ lè ṣe, ẹ gbọ́ ìtàn Amelia Dawley. Láàárín àwọn ọdún 1930, Lorenzo Dow Turner, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó tún wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn wa níbí ní ọdún 1951, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí etíkun ìpínlẹ̀ Georgia. Ní abúlé Harris Neck, obìnrin yìí kọ orin kan fún un ní èdè tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ohùn inú àwo ìgbà náà, bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà ni. Èdè Mende ti ilẹ̀ Sierra Leone ni orin náà jẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, Joseph Opala, Cynthia Schmidt àti Tazieff Koroma gbé ohùn náà kiri ilẹ̀ Mende, wọ́n sì rí obìnrin kan, Bendu Jabati, ní abúlé Senehun Ngola, tí ìyá àgbà tirẹ̀ ti kọ́ ní orin tó jọ ọ́. Orin ìsìnkú ni, àwọn obìnrin ló ń kọ ọ́. Wọ́n tún rí Mary Moran, ọmọ Amelia, ní Georgia. Òun náà ṣì rántí orin ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1997, ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Sierra Leone, ìdílé tí òwò ẹrú ti pín níyà sì tún fojú kan ara wọn. Fíìmù tó sọ ìtàn náà jáde ní ọdún 1998, The Language You Cry In ni wọ́n pè é. Ẹ wá ronú pé Turner padà sílé, ẹnì kan gbọ́ àwo náà fún ìṣẹ́jú méjì, ó ní, “Ariwo ti pọ̀ jù, ẹ sọ ọ́ nù.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ tó ń ṣe ètò, ẹ má tíì máa jó o. N kò gbè lẹ́yìn ọ̀lẹ. Ariwo ilé yàtọ̀ sí ìwà àìbìkítà. Àkùkọ tó kọ, ará ilé ni. Kó máa kọ. Àmọ́ kí ẹ gbé fóònù sórí tábìlì ní òdìkejì pálọ̀, kí ẹ tan fáànù sí i, kí ẹ wá ní “ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì”, ìwọ̀sí ni fún ìyá àti fún ẹni tó ń gbọ́. Ẹ sún mọ́ ọn! Bí ẹ bá dín àlàfo tó wà láàárín fóònù àti ẹnu ìyá kù sí ìdajì, ìró ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ń wọ inú ẹ̀rọ á tó ìlọ́po méjì, ti jẹnẹrétọ̀ tó wà lókèèrè kò sì ní yí padà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ká sábẹ́ fóònù kí tábìlì má bàa máa dún. Ẹ kúrò nínú pálọ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju símẹ́ǹtì àti àga lọ, nítorí ògiri lílé á máa dá ohùn padà. Yàrá tí ibùsùn, ẹní, kọ́tìnì àti aṣọ kún inú rẹ̀ ni ẹ lò. Ẹ ṣe é lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí àwọn aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì. Ẹ má gbà á sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹ fi ń kíra yín, nítorí ìyẹn máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré. Àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ ariwo kúrò náà, ẹ rọra lò wọ́n. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ jù, wọ́n á jẹ ìparí ọ̀rọ̀, ìyá á wá máa dún bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò.

Orin tí ẹ ń fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ àgbà ńkọ́? Èyí ló ń bí mi nínú jù. Èdè wa, ohùn ló fi ń ya ọkọ sọ́tọ̀ lára ọkọ́ àti ọkọ̀. Ẹ wá gbé dùùrù òyìnbó tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń gbọ́ wa máa wá ohùn ìyá káàkiri láàárín ohùn dùùrù. Mo fara mọ́ ewúrẹ́ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ náà kù. Ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé àmánà ni ìjókòó. Bí ìyá bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, kò túmọ̀ sí pé ó sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àwọn tí kò mọ̀ yóò gbọ́ ọ, ẹ tan èyí tí ẹ gbà sílẹ̀ fún un kó fetí ara rẹ̀ gbọ́, bó bá sì ní kí ẹ yọ ibì kan, ẹ yọ ọ́ láìjiyàn. Àwọn ọmọ àdúgbò wa yìí ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé e jáde. Òun tó ni ọ̀rọ̀ ti fọwọ́ sí i. Olùgbọ́ tí kò ná nǹkan kan ló wá fagi lé e.

Ní ti pé àwọn ìyá méjì náà ń já lu ara wọn lọ́rọ̀, n kò mọ ilé tí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti dàgbà. Ní ilé tí a bí èmi sí, bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tó já lù ú, àìsàn ló ń ṣe é tàbí kí ó jẹ́ àlejò. Jíjálù yẹn ni ẹ̀gbọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ àbúrò ṣe, òun ni a fi ń mọ ibi tí ìtàn ti ní ẹnu méjì. Bí wọn kò bá já lu ara wọn ni, à bá má mọ̀ láé pé ọ̀rọ̀ owó wà nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbà á sára rẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ sí ibi méjì, ó kéré tán. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ko ohun tí mo kọ, àyè wà nínú ìwé yìí fún un, n kò sì ní bínú. Kó ṣáà kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí ìyá àgbà tó gbọ́ gbẹ̀yìn sọ, kó tó máa sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí.